Àpótí Kẹtàdínlógún

Òjò Groningen kì í dá, ó kàn ń sinmi ni.
Mo jókòó ti fèrèsé ní àjà kẹta,
fọ́ọ̀mù àwọn ọ̀gá wà lójú ẹ̀rọ níwájú mi:
Ipa tí ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Tjitske Wiersema ní láwùjọ.
Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń retí rẹ̀.
Ọjọ́bọ̀ la wà.

N kò mọ ìṣirò. Akọ̀wé ni mí;
ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń ka ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀,
tó dà bí ipasẹ̀ ẹyẹ lórí yìnyín.

Àpótí kìíní: ẹni mélòó ló ti tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀?
Mo kọ ọ́: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ó lé díẹ̀.
Ẹ̀rọ kọ "díẹ̀", ó pọ́n bí ojú oníjà,
ó ní kí n kọ iye gan-an.
Mélòó nínú wọn ló kà á délẹ̀?
Wọn ò bi mí, n ò sì fèsì.

Iye ni wọ́n ń wá. Iyè ni mo ní.

Iyè mi gbé mi padà sí ọdún tí ìwé ìbéèrè dé láti Oosterzijl,
abúlé etí òkun,
lẹ́yìn tí ọkọ̀ apẹja kan lọ tí kò bọ̀.
Ṣé o ń rí oorun sùn? Ṣé oúnjẹ ń wù ọ́ jẹ?
Mú ọ̀kan, láti oókan dé aárùn-ún.
Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ṣírò ròpọ̀, wọ́n pín in, inú wọn dùn:
ọkàn ará ibẹ̀ le, ìbànújẹ́ wọn ò ju méjì lọ.
Ìwé tí wọn ò kọ nǹkan kan sí ńkọ́?
Ó ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀, tòun ti eékún tó ń dùn ún,
ó ń ṣà wọ́n, ó ń nà wọ́n lórí tábìlì mi.
Mọ́kànlélógójì.
Ọ̀kan ní àbàwọ́n tíì.
Ọ̀kan, pẹ́ńsù ti dé ìdí "oorun",
ó dúró síbẹ̀, ó sì lu ìwé já.
Ó ní, "Geesje, wò ó.
Ẹni tí ọ̀fọ̀ kàn fọwọ́ bà ló ráyè wọn ọ̀fọ̀ wò.
Ẹni tó gbé mì, ẹnu wo ni yóò fi kà á?"

Àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.
Ọdún mẹ́fà ló fi kọ ìṣirò tí kò gbà bẹ́ẹ̀,
ìṣirò tó ń bi òfìfo pé: kí ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́?

Nọ́ọ̀sì abúlé náà mú kẹ̀kẹ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn mọ́kànlélógójì.
Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣí. Mẹ́fà kò ṣí.
Ẹyọ kan, ó ti pẹ́ jù.
Kò sí àpótí fún ẹyọ kan yẹn nínú fọ́ọ̀mù yìí.

Ubbo Harkema ní Utrecht kọ̀wé pé
orí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè yẹ̀ wò ni ìṣirò náà dúró lé.
Òótọ́ ni.
Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú ìwé kẹsàn-án,
àmọ́ mo ti sọ fún yín, wọn kì í kà á délẹ̀.

Àpótí kẹtàdínlógún, èyí tó kẹ́yìn:
Dárúkọ ẹnì kan tí iṣẹ́ yìí yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà.
Mo ní kí n bi í. Mo tẹ̀ ẹ́ láago.
Láti oṣù kẹta tí Sjoerd ọkọ rẹ̀ ti kú,
Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í sábà gbé fóònù.
Ó dún, ó dún, ó dún tán.

Mo fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo.
Mo nawọ́ mú kóòtù òjò mi.
Kẹ̀kẹ́ mi wà nísàlẹ̀.